Ibi Tí Ọ̀dà Parí Sí

Mo fẹ́ràn ọ̀nà tí kò dára. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe rí létí àwọn ará ilé mi ní Kàbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1991, kò sí ìpàdé ọmọ Òkun tí mo bá wọn jókòó sí tí wọn kò ti bú ọ̀nà kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ tó kó wọn jọ. Èmi náà a máa bá wọn bú u, ohùn mi a tilẹ̀ máa ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá ti tú, tí mo rí ọjọ́ méjì tí iṣẹ́ kò dí mi lọ́wọ́, ibi tí ọ̀dà parí sí ni mo máa ń kọrí ọkọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni n kò fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti kó gbogbo eruku yìí bọ̀, mo máa ń sọ pé oko ni.

Oko kọ́. Mo lọ wo òkè ni.

Ilẹ̀ wa ni ibi tí igbó Èkìtì ti ń rẹ̀yìn, tí ọ̀dàn Àríwá ti ń wọlé. Ẹni tó bá ti Ọ̀mùò Èkìtì bọ̀ wá sí Ìyámoyè á rí i pé igi ń dínkù, koríko ń ga sí i, àwọn àpáta sì ń yọrí sókè láàárín koríko náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìbá ara wọn tan. Nínú àwa ọmọ Òkun, Owé ló ni Kàbà. Ìjùmú wà lápá ìwọ̀-oòrùn, Ìyàgbà wà lókè lọ́hùn-ún títí dé ààlà Kwara, Bùnú tẹ̀ lé òkè àti odò lọ síhà àríwá àti ìlà-oòrùn, Ọ̀wọ̀rọ̀ sì súnmọ́ Lókọ́ja àti odò Ọya. Ọ̀nà ńlá tó ti Kàbà gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán kò lè fi ilẹ̀ yìí hàn ọ́ tán. Ẹ̀yìn àwọn òkè lò ń rí láti ibẹ̀. Kí o tó rí ojú wọn, o ní láti yà.

Bí o bá yà lóṣù kọkànlá, koríko á ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ, á sì dà bo ọ̀nà láti ọ̀tún àti òsì títí o kò fi ní rí ju ìwọ̀n ọ̀pá bíi mélòó kan lọ níwájú. Bó bá di oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ti dáná sun ún. Ilẹ̀ á dúdú, òkè á wà ní ìhòòhò, igi ìgbá á sì ta òdòdó pupa rẹ̀ lé orí ilẹ̀ dúdú náà. Ní àkókò ọyẹ́ gan-an, o lè wà lẹ́sẹ̀ òkè kí o má rí òkè. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni ojú sánmà tó máa ń mọ́, tí gbogbo òkúta á dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. N kì í ṣe akéwì, n kò sì fẹ́ ṣe bí akéwì. Ohun tí mò ń sọ ni pé mo ti rìn dé ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, kò sí ibi tó wù mí wò tó àárín Ìjùmú sí Bùnú.

Ọkọ̀ mi kì í ṣe irú èyí tí àwọn olówó Àbújá fi ń yangàn. Toyota Hilux àlòkù ni, díísù ló ń mu, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń rin ọ̀nà náà kò ní irú rẹ̀ rí. Bàbá kan ni, ó ti dàgbà gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Peugeot 404 tí wọ́n ń kó ẹrù sẹ́yìn rẹ̀ ló fi kó kòkó àti kọfí jáde láti inú abà nígbà ayé rẹ̀, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Hilux yìí hàn án, mo ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà o.” Bàbá yí i po. Ó ní, “Màlúù náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọmọ mi. Ṣé o kò tíì rí màlúù tó rì sẹ́rẹ̀ ni?”

Gbogbo ohun tí bàbá yìí mọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá dé ibi tí kò dá ọ lójú, pa ẹ́ńjìnnì, sọ̀ kalẹ̀, kí o fi ẹsẹ̀ rìn ín dé òdìkejì, kí o sì rìn ín padà. Ó máa ń ṣe mí bí àfiṣòfò àkókò, pàápàá bí oòrùn bá ti ń lọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé awakọ̀ tó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀ kò rí ọ̀nà rárá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló ń rí.

Omi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí òun ló ń pani jù. Àwọn odò kéékèèké tó wà láàárín àwọn òkè wa kò bani lẹ́rù lójú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fo òmíràn nínú wọn kọjá. Ṣùgbọ́n àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè tó jẹ́ kìkì òkúta, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ilẹ̀ tí yóò fà á mu. O lè dé etí odò níbi tí oòrùn ti ń ràn, tí òjò kankan kò ta sí ọ lára láti àárọ̀, kí omi sì ti dé itan àgbàlagbà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í wo sánmà tó wà lókè orí wọn. Orí òkè ni wọ́n ń wò. Bí orí òkè bá ti ṣú, wọn kò ní sọdá.

Bí o bá ti bá omi níbẹ̀, ohun méjì ni kí o wò. Wo bóyá ó ń gbé ewé àti igi gbígbẹ. Omi tó ń gbé ìdọ̀tí ṣì ń pọ̀ sí i ni, ó ń gbá etí odò mọ́ bí ó ṣe ń gòkè. Èkejì, wo bèbè. Bí o bá rí ìlà tútù lára bèbè tó ga ju ojú omi lọ, omi ti ń fà nìyẹn. Bí kò bá sí ìlà yẹn, tí ibi gbígbẹ ti pàdé omi láìsí ohunkóhun láàárín, má ṣe nǹkan kan. Jókòó. Bó ṣe yára kún náà ló ṣe máa ń yára fà, nítorí ohun kan náà ló fa méjèèjì. Mo ti jókòó sí etí odò kan rí tí mo jẹ ẹ̀pà àti gúgúrú tán, tí mo sùn, tí mo sì jí bá odò tó ti tó mi í fẹsẹ̀ wọ̀.

Nígbà náà ni wàá gbé ọ̀pá, wàá sì wọ inú omi fúnra rẹ. Ẹsẹ̀ ni yóò sọ fún ọ bóyá iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ tàbí òkúta tàbí ẹrẹ̀. Bí omi bá ń taari orúnkún rẹ débi pé o ní láti fi ọ̀pá gbé ara ró, ó lágbára tó láti ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Má tàn ara rẹ pé irin wúwo. Bí o bá wọ omi pẹ̀lú ọkọ̀, jíà kékeré ni, má yí i padà láàárín omi, má sì sáré débi tí omi yóò fi gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí wọlé, ẹ́ńjìnnì á kú. Má tún ṣíná sí i o. Omi kò ṣe é fún mọ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì ni yóò tẹ̀ dípò rẹ̀, owó tí mẹkáníìkì yóò sì gbà lọ́wọ́ rẹ lè ra màlúù.

Afárá ni ó tẹ̀ lé omi. Lọ́nà oko, afárá wa jẹ́ ìtì igi méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tẹ́ sórí odò, tí wọ́n sì fi pákó tàbí ẹ̀ka igi dí àárín wọn. Ojú òkè ìtì igi lè dára kí ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn àdá ni wọ́n fi ń bi í léèrè. Bí o bá fi lù ú tó dún kóńkó, ó ṣì lè gbé ọ. Bó bá dún bù, wá ibòmíràn gbà. Gbogbo èrò ni yóò sọ̀ kalẹ̀, ẹrù tó wúwo náà á sì sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹnì kan á lọ dúró ní òdìkejì, yóò kọjú sí ọ, òun nìkan ni yóò sì máa fi ọwọ́ júwe. Ẹnì kan ṣoṣo. Mo ti rí ibi tí èèyàn bíi mẹ́fà ti ń pariwo “ọ̀tún, ọ̀tún” àti “òsì, òsì” fún awakọ̀ kan, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ sì já sí àárín ìtì igi méjì níbi tí gbogbo wọn ti ń wò ó.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Jíà kìn-ín-ní ni kó gbé ọ sọ̀ kalẹ̀, má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lórí amọ̀ pupa tó tutù, nítorí táyà tó bá ti dúró ti di bàtà tó ń yọ̀. Àpáta pẹlẹbẹ ní tirẹ̀, ọ̀nà tó dára jù lọ láyé ni bí ó bá gbẹ. Bí ó bá tutù, tí ewé tútù bíi ti odò ti hù sí i lára, èṣù ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣòro á yí padà. Àwọn ọ̀nà pupa tó gbòòrò díẹ̀, èyí tí lọ́rí ń gbà, ojú wọn á di bíi páànù tí a fi bolé, gìrì-gìrì-gìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Táyà ló ń ṣe é: bó ṣe ń fò díẹ̀ tó ń balẹ̀ ló ń gbẹ́ ilẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á tún fò níbi kan náà. Àwọn awakọ̀ wa mọ̀ pé bí o bá sáré dáadáa, ọkọ̀ á máa gba orí rẹ̀ kọjá, ara kò sì ní gbọ̀n. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá kò di ilẹ̀ mú, bí ewúrẹ́ bá já lu ọ̀nà, o kò lè dúró, o kò sì lè yà. Èmi máa ń jọ afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀, mo sì máa ń rọra lọ. Àwọn ọlọ́kadà á kọjá lára mi, wọ́n á kí mi pé “Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú.”

Koríko gbígbẹ ń kọ́? Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé ó lè jó ọkọ̀. Bí o bá ń gba inú koríko gíga kọjá lákòókò ọyẹ́, ó ń wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń kó ara jọ sí ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà tó gbóná. Kò ní sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wàá gbóòórùn. Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo ibi tí koríko ti pọ̀, mo máa ń dúró lórí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa ń wo abẹ́ ọkọ̀, mo sì máa ń fi igi kó koríko jáde. Inú koríko náà ni ọ̀gán àti kùkùté ń sá pamọ́ sí. Ọ̀gán tó ti pẹ́ le ju bíríkì lọ.

Àwọn ìmọ̀ yìí ni mò ń kó jọ lọ́dọọdún tí inú mi ń dùn. Mo ti ń rò pé mo ti di ẹni tó mọ ọ̀nà. Àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe àlejò, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni mí.

Lópin òjò ọdún kan, mo wà lọ́nà Ọ̀lẹ̀ Bùnú. Òkè kan wà lápá ọ̀tún tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń kùn ní pupa, mo sì dúró láti wò ó dáadáa. Ìyá kan jókòó sábẹ́ igi létí ọ̀nà níbẹ̀, iṣu tó gbé kalẹ̀ yí i ká. Mo kí i.

“Òkun o, ìyá.”

“Òkun, ọmọ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá ṣe ọ̀nà ni?”

Mo ní rárá.

“Kí lẹ wá ṣe níbí nígbà náà?”

“Mo wá wo òkè ni, ìyá.”

Ó yíjú wo òkè. Ó yíjú wò mí. Ó tún wo òkè bíi pé bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i láti àárọ̀. “Òkè yìí?” Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. “Ó ti wà ńbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Kò níbi tó ń lọ. Iṣu mi ló ń lọ.” Ó gbé ọ̀kan, ó sì fi ibi tó ti ń rà hàn mí. Láti ìjẹta ni ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò ti dé, nítorí ẹrẹ̀.

A kó iṣu náà sẹ́yìn Hilux. Ìyá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun tí mo sì rí lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n tún fi ọ̀nà yangàn mọ́. Ìyá yìí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ibi tí táyà yẹ kó gbà. “Ẹ gba ọ̀tún. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì lé àpáta yẹn. Ẹ má tẹ ibi tó mọ́ yẹn o, ó jìn. Ibi tí koríko wà ni kẹ́ ẹ gbà.” Ẹsẹ̀ ló fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ẹrù lórí, láti ìgbà ọmọdé. A kọjá níbi tí èmi ì bá ti yí padà. Ó sọ fún mi lọ́nà pé orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé ìyàwó ọmọ òun sí nígbà tó ń rọbí, tí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn láti dì í mú kó má baà jábọ́. Ọmọ náà yè, ó ti ń lọ sílé ìwé. Bí ẹni ń sọ ìtàn ọjà ló ṣe sọ ọ́, ó tún fi kún un pé kí n rọra, kòtò wà níwájú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mò ń jẹ̀gbádùn rẹ̀ ní orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ẹrẹ̀ tó ń dán ọgbọ́n mi wò fún ọjọ́ méjì, òun ló ń pinnu iye tí wọn yóò ta iṣu wọn. Èmi ní ilé tí mo ń padà sí ní Kàbà, ní ẹ̀bá títì.

Ìtàn tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà ń kó wa lẹ́rú, ibi tí ọkọ̀ kò lè dé lónìí ni àwọn baba wa sá lọ. Ẹṣin kò lè gun àpáta. Orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń wo ọ̀tá láti òkè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Òyìnbó tí ń jẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie ṣáájú wọn, ti Lókọ́ja rìn wá sí Kàbà láti lé àwọn ológun Nupe. Bíi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi rin ìrìn tí kò ju nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà lọ, pẹ̀lú àwọn alárùú àti ìbọn ńlá. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, àwọn Nupe ti lọ. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà lóṣù kan náà. Lẹ́yìn tí ogun tán, tí Òyìnbó gbàjọba, àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ìtòsí ọ̀nà ni wọ́n ní kí wọ́n wá tẹ̀dó sí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn nínú wọn títí di òní.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí ní gbogbo ayé ni wọ́n ti ń dá irú ọ̀nà eléruku bẹ́ẹ̀ sí fún àwọn tó fẹ́ wo igbó. Mo ti lọ wo ọ̀kan. Ọgbà Ẹranko Kainji, ní Borgu, níbi tí wọ́n da igbó ọba Borgu àti ti Zugurma pọ̀ ní ọdún 1979, fẹ̀ tó 5,340 kìlómítà níbùú lóòró. Mo gba Ìlọrin àti Jẹ́bà lọ, nígbà tí ọkàn èèyàn ṣì balẹ̀ láti rin apá ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn, ó sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, n kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. A lọ sí odò Oli láti wo erinmi. Ọ̀nà ibẹ̀ gbọ̀n wá bíi ti Bùnú, eruku rẹ̀ pupa bíi ti Bùnú. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá oníṣu létí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni nítorí ẹranko, wọ́n sì ń tì í nígbà òjò kí táyà má baà bà á jẹ́. Ti Bùnú, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò hàn nínú fọ́tò.

N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lọ sí Kainji báyìí, nítorí àwọn agbébọn ti sọ inú igbó apá ibẹ̀ di ilé. Kò sì mọ sí Nàìjíríà. Ní Pendjari, ní Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n gbé igbó náà fún ilé iṣẹ́ African Parks láti tọ́jú ní ọdún 2017, wọ́n tún un ṣe, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí àwọn àlejò Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń mú wọn rìn. Àwọn àlejò náà padà sílé wọn. Nílẹ̀ Òkun náà, ìbẹ̀rù ajínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dín oko tó jìnnà kù, àwọn ọdẹ sì ń ṣọ́ oríta lálẹ́. N kì í wọ ọ̀nà igbó kankan mọ́ láìkọ́kọ́ pe ẹni tó ń gbé òpin rẹ̀ lórí fóònù. Bó bá ní kí n má wá, n kì í bá a jiyàn.

Nígbà tí wọ́n parí ọ̀nà Ọ̀bàjánà sí Kàbà, kìlómítà 43 tí ilé iṣẹ́ Dangote fi kọ́ńkéré ṣe, tí ìjọba sì ń yọ owó rẹ̀ nínú owó orí tó yẹ kí wọ́n san, mo wa ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ó tẹ́jú. Táyà ń kọrin lórí rẹ̀, òjò kò sì ní rí i gbẹ́ bó ṣe ń gbẹ́ ọ̀dà. Kí n má purọ́, oorun ń kùn mí. Mo rántí ibi tí kòtò ńlá kan wà tẹ́lẹ̀, tí mo mọ bí a ṣe ń gbà á, ìmọ̀ náà kò sì wúlò mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Mo wá bojú wẹ̀yìn, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó kó tòmátò, tó ń sáré bọ̀ kí ọjà tó tú, ojú sì tì mí.

Ohun tí mo gbà gbọ́ báyìí kò le. Ọ̀nà tó lọ sí ìlú, kí wọ́n ṣe é. Ọ̀nà tó gun òkè, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ wo Ògìdì, ní Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Kàbà. Ìlú Nike Davies-Okundaye ni, obìnrin tó sọ àdìrẹ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà síbẹ̀. Àlejò ń wá síbẹ̀ fún ọdún iṣu tuntun lóṣù kẹfà, wọ́n ń gun òkè Òkútadúdú, wọ́n ń ra aṣọ, wọ́n ń ra oúnjẹ. Òkè náà kò ní ọ̀dà lára, kò sì nílò rẹ̀. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ ló nílò ọ̀nà, kí ẹni tó wá wo òkè lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní nǹkan láti tà, kí ẹni tó ní nǹkan láti tà sì lè jáde láìdúró de àlejò. Bùnú náà ní òkè, ó sì ní aṣọ ìpò pupa tí wọ́n máa ń fi sin àwọn àgbà ìjòyè. Ohun tó kù ni kí èèyàn lè dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wá wo ilẹ̀ wa, ẹ wá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìn-ín-ní, bí ọyẹ́ tilẹ̀ lè bo òkè mọ́ yín lójú nígbà mìíràn. Lóṣù kẹsàn-án, odò kò ní jẹ́ kí ẹ kọjá. Ẹ má dá wá, ẹ wá pẹ̀lú ọkọ̀ méjì, ẹ mú ṣọ́bìrì, okùn tó nípọn, àdá àti táyà ìpààrọ̀ méjì, nítorí kò sí ẹni tó ń lẹ táyà nínú igbó. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, ẹ gba ọdẹ kan tó mọ ilẹ̀, ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Ẹ má la ọ̀nà tuntun gba inú oko ẹni kankan kọjá nítorí pé ẹ fẹ́ súnmọ́ òkè. Ebè tí táyà bá tẹ̀ kì í dìde. Ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ lófìfo nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ó rí ẹni tí yóò kó ẹrù sí i.

Ẹ̀yin tí agbára wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá wa ṣe ọ̀nà Bùnú. Ní tèmi, màá fi ẹsẹ̀ gun òkè.